Iye Tí Mo Sọ fún Obren

Èmi Vidosava ni mo sọ iye òjò dídì tí mo mọ̀ pé irọ́ ni fún Obren, kí ó má baà ti ọ̀nà orí òkè kí ọmọ mi tó dé ilé. Irọ́ yẹn ló pa Petruša, Obren ló sì ru ẹ̀bi rẹ̀ wọ sàréè.

Mo fẹ́ kí ẹ kọ́kọ́ ka gbólóhùn yẹn kí ẹ tó ka ìyókù. Tí mo bá kọ́kọ́ ṣàlàyé, ẹ ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í káàánú mi kí n tó débẹ̀, mi ò sì fẹ́ bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ máa ń ṣí ojú ewé yìí láràárọ̀ nígbà òtútù láti mọ bí òjò dídì tó ń bọ̀ sórí òkè Stožina yóò ṣe pọ̀ tó, ẹ má wá iye kankan lónìí. Òtítọ́ tó ti yẹ kí ẹ gbọ́ tipẹ́ ni mo kọ síbẹ̀. Dókítà ní Nikšić ti gbé àwòrán ẹ̀dọ̀fóró mi sí iwájú iná fún mi wò. Ó fẹ́ rọra túmọ̀ rẹ̀. Mo ní kó má yọ ara rẹ̀ lẹ́nu, pé ó ti pẹ́ tí mo ti ń wo àwòrán ojú ọjọ́ tó ní ibi funfun àti ibi dúdú, mo mọ èyí tí kò dára. Nígbà tí mo dé ilé, mo lọ bá àlùfáà. Ó gbọ́ mi tán, ó sì ní kí n kọ ọ́ pé mo ṣubú sínú ìdánwò. Ọ̀rọ̀ dáadáa ni, àmọ́ mi ò ní kọ ọ́. Mi ò ṣubú sínú nǹkan kan. Mo jókòó sórí àga, fóònù wà ní etí mi, mo sì mọ ohun tí mò ń ṣe.

Àwọn tó kéré nínú yín kò mọ bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí ọkọ mi kú, ó ku èmi àti màlúù méjì ní Javorni Do, ọmọ mi Balša sì ti wà ní ìlú. Òjò dídì ló ń dá ohun gbogbo dúró lábúlé wa, bóyá dókítà yóò lè dé, bóyá búrẹ́dì yóò dé. Mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í wo ojú ewé tí ẹ̀rọ ti ń ṣírò ojú ọjọ́ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Mi ò mọ nǹkan kan. Ọmọbìnrin kan ní ọ́fíìsì ojú ọjọ́ ló fi sùúrù kọ́ mi lórí fóònù, mi ò rí ojú rẹ̀ rí títí di òní. Òun ló sọ fún mi pé ẹ̀rọ kì í ka òjò dídì rárá. Omi ló ń kà. Ó ń ṣírò iye omi tí yóò já bọ́, ojú ewé á wá sọ ọ́ di ìlọ́po mẹ́wàá kí èèyàn lè rí iye kan kà: mìlímítà omi kan, sẹ̀ǹtímítà òjò dídì kan. Bí ojú ọjọ́ bá lọ́ wọ́ọ́rọ́, tí òjò dídì náà tutù, tó wúwo bí aṣọ tí wọn ò fún, ìlọ́po márùn-ún ni wàá rí. Bí òtútù bá mú gan-an lókè níbi tí òjò dídì ti ń ṣẹ̀dá, á fẹ́lẹ́, á fúyẹ́, afẹ́fẹ́ á kún àárín rẹ̀, omi kan náà á sì fún ọ ní ìlọ́po méjìdínlógún, nígbà mìíràn ogún. Ó tún sọ pé òkè tí ẹ̀rọ rí kì í ṣe òkè tí èmi rí. Ẹ̀rọ ti tẹ́ Stožina rẹlẹ̀, nítorí náà ó máa ń rò pé ibẹ̀ gbóná ju bó ṣe gbóná lọ. Mo kan pákó kan mọ́ ẹ̀gbẹ́ ọgbà, mo ń wọn òjò dídì orí rẹ̀ lẹ́yìn ìgbà kọ̀ọ̀kan tó bá já, mo sì ń fi wé ohun tí ẹ̀rọ sọ, títí mo fi mọ̀ ọ́n. Gbogbo iṣẹ́ mi kò ju pé kí n mọ ìgbà tí mẹ́wàá bá jẹ́ irọ́.

Obren ló ń wa katakata tó ń ro òjò dídì kúrò lójú ọ̀nà Stožina. Òun náà ló ní kọ́kọ́rọ́ irin tí wọ́n fi ń dábùú ọ̀nà nísàlẹ̀ òkè, lẹ́gbẹ̀ẹ́ afárá. Àṣẹ tí wọ́n fún un kò le: bí ohun tó ń bọ̀ bá ju ogójì sẹ̀ǹtímítà lọ, kó ti ọ̀nà kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í já, kó sì gbé katakata gun orí òkè lọ sùn ní ahéré tó wà níbẹ̀, kó lè máa ro ó bọ̀ láti òkè. Bí kò bá tó ogójì, kó fi ọ̀nà sílẹ̀ ní ṣíṣí, kó sùn nílé. Ta ló wá máa sọ fún un bóyá ó ju ogójì lọ? Ìjọba máa ń sọ iye kan náà fún gbogbo àríwá. Obren á pè mí. "Ìyá Balša, ṣé kí n wọ bàtà ni àbí kí n bọ́ ọ?" Báyìí ló ṣe máa ń bẹ̀rẹ̀. Màá ní, "Kí ni tẹlifíṣọ̀n sọ?" Á ní, "Tẹlifíṣọ̀n ní láti ogún títí dé àádọ́rin. Tí mo bá sọ fún Zagorka pé màá dé nílé láti ọ̀sán títí dé ọjọ́ Ẹtì, ṣé yóò gbé oúnjẹ kalẹ̀?" Zagorka, ìyàwó rẹ̀, á pariwo lẹ́yìn rẹ̀ pé òun kò gbé oúnjẹ kalẹ̀ fún ẹnikẹ́ni tí kò mọ ọjọ́ tó ń bọ̀. A ó rẹ́rìn-ín. Màá wá sọ iye fún un. Kò bi mí rí bóyá ó dá mi lójú.

Ẹ jẹ́ kí n dé orí Balša. Lẹ́yìn ìsìnkú bàbá rẹ̀, mo sọ ọ̀rọ̀ kan sí ìyàwó rẹ̀ níbi tí gbogbo èèyàn ti ń jẹun. Mo ní ó wá wo ilẹ̀ tí yóò tà. Ọmọbìnrin náà dìde, ó lọ dúró sínú ọkọ̀, Balša sì tẹ̀ lé e. Láti ọjọ́ náà kò wá mọ́. Ẹ mọ ohun tí èyí jẹ́ ní àárín wa. Ọdún ilé, slava wa, ọjọ́ Nikola Mímọ́, kì í ṣe tèmi. Láti ọwọ́ bàbá ló ń bọ́ sí ọwọ́ ọmọkùnrin. Ọmọkùnrin ló ń tan àbẹ́là, òun ló ń bá àlùfáà yí búrẹ́dì ọdún po tí wọ́n ń da wáìnì sí i. Èmi ni mò ń tan àbẹ́là náà lọ́dọọdún, obìnrin tí wọ́n gbé wọ ilé, àwọn àlejò sì ń wo ilẹ̀. Mo gbọ́ tí ẹnì kan ń sọ ọ́ nínú ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì pé àbẹ́là ilé wa ti ń kú lọ. Ọ̀rọ̀ yẹn jẹ mí. Mi ò ní pè é ní ìfẹ́ ìyá. Ìtìjú ni, àti agídí.

Ní ọdún tí mò ń sọ yìí, Balša pè mí fúnra rẹ̀ lọ́jọ́ tó ṣáájú ọdún. Mo gbọ́ ohùn rẹ̀, mo sì jókòó. Ó ní, "Mama, mo fẹ́ wá lọ́la. Ìyàwó mi ló ní kí n lọ." Mo ní oúnjẹ wà. Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó ní, "Mo mọ̀ pé oúnjẹ wà. Òkè ńkọ́?" Mo ní kí ló ṣe òkè. Ó ní, "Wọ́n ń sọ nípa òjò dídì níbí. Tí Obren bá ti ọ̀nà, màá padà sílé ni. Mi ò sì ní dúró ti irin yẹn bí alágbe. Mo ti fún ara mi lágbára lẹ́ẹ̀kan yìí, Mama. Mi ò mọ̀ bóyá màá tún lè ṣe é." Mo sọ fún un pé kó máa bọ̀, pé ọ̀nà yóò ṣí. Mi ò tíì wo ẹ̀rọ nígbà tí mo sọ ọ́.

Lẹ́yìn tó gbé fóònù sílẹ̀ ni mo tó lọ wò ó. Omi tí ẹ̀rọ kà jẹ́ mìlímítà mẹ́tàlélọ́gbọ̀n, ojú ewé sì ti fi mẹ́wàá sọ ọ́ di sẹ̀ǹtímítà mẹ́tàlélọ́gbọ̀n, ó kọ ọ́ gàdàgbà sábẹ́ orúkọ òkè wa. Mo wo òtútù tó wà lókè. Irú òtútù tó ń mú kí òjò dídì fẹ́lẹ́ bí ìyẹ́ adìẹ ni, ó sì nípọn láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ìlọ́po mọ́kàndínlógún ni, ó kéré tán. Mi ò nílò bébà. Ó lé ní ọgọ́ta, ẹ̀fúùfù tó sì ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀ yóò gbá a jọ sí ibi tí ọ̀nà ti yí lábẹ́ àpáta. Mo ti wọn irú rẹ̀ lórí pákó mi, mo sì dá a mọ̀ bí mo ṣe ń dá ohùn màlúù mi mọ̀. Mo jókòó síbẹ̀, mo ń wo mẹ́tàlélọ́gbọ̀n lójú ewé. Mo ní lọ́kàn mi pé èmi kọ́ ni mo kọ ọ́. Ẹ̀rọ ló kọ ọ́. Ẹ̀rọ tí àwọn ọ̀mọ̀wé ṣe.

Obren pè. "Ìyá Balša, ṣé kí n wọ bàtà?" Mo ní, "Ojú ewé ní mẹ́tàlélọ́gbọ̀n." Ó ní, "Mi ò bi ojú ewé. Ìwọ ni mo bi." Ẹ wò ó, ó fún mi láyè. Mo rò ó wò lọ́pọ̀ ìgbà lẹ́yìn náà, bóyá mo lè sọ pé kò fún mi láyè. Ó fún mi. Mo ní, "Ọgbọ̀n. Ó lè lé díẹ̀." Ó ní, "Àwọn tẹlifíṣọ̀n ń pariwo." Mo ní, "Ìgbà wo ni wọn kò pariwo? Sùn sílé, Obren. Kí o sì wá jẹ ẹja lọ́la." Ó ní, "Ẹja nìkan? Ọtí rakija ńkọ́? Àbí Nikola Mímọ́ kì í mu?" Mo ní Nikola Mímọ́ kì í wa katakata. Ó rẹ́rìn-ín dáadáa, ó sì gbé fóònù sílẹ̀. Ní ọjọ́ náà mi ò kọ nǹkan kan sójú ewé mi. Àwọn kan nínú yín bi mí léèrè, mo sì dáhùn pé iṣẹ́ ìdáná ló gbà mí lọ́wọ́. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ó rọrùn láti parọ́ fún ọkùnrin kan ju kí n kọ ọ́ síbi tí gbogbo yín yóò ti kà á.

Balša dé ní ọ̀sán, nígbà tí òjò dídì ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bo kókósẹ̀. Ó gbọn bàtà rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà bí bàbá rẹ̀ ṣe máa ń gbọ̀n ọ́n. Ó tan àbẹ́là. Òun àti àlùfáà yí búrẹ́dì po. Àwọn aládùúgbò wá, wọ́n jẹ ẹja àti ẹ̀wà nítorí àsìkò ààwẹ̀ ni, wọ́n kọrin díẹ̀. Mi ò jókòó. Mo dúró ti ààrò, mò ń wo ojú fèrèsé. Bó ti ń rọ̀ yẹn, kò ní ariwo, kò ní ìwúwo, ó kàn ń ga ni. Mo rí i tó bo pákó mi mọ́lẹ̀. Mo sọ fún ara mi pé ọmọ mi ti dé, pé ó ti parí, pé ta ni yóò tún wá gun òkè ní irú ọjọ́ yìí? Ibẹ̀ gan-an ni mo ti gbàgbé ohun tí ọmọdé wa pàápàá mọ̀. A kì í pe ẹnikẹ́ni sí slava. Ẹni tó bá rántí ilé rẹ á wá. Nítorí náà, kò sí ẹni tí a ń retí, kò sì sí ẹni tí a lè sọ pé kò dé.

Petruša ló ń bọ̀. Kuma wa ni, òun ló gbé Balša lọ́wọ́ lọ́jọ́ tí wọ́n ṣe ìrìbọmi fún un. Nọ́ọ̀sì ni tẹ́lẹ̀. Òun ló jókòó tì mí nígbà tí mo fẹ́ kú lórí ìkúnlẹ̀, tó ń gbá mi létí tó ń sọ pé, "Má sùn, ìwọ ọ̀lẹ yìí, ìgbà tí o bá bí i tán ni wàá sùn." Ó ti dàgbà, àmọ́ ó ṣì ń wa ọkọ̀ Lada rẹ̀ fúnra rẹ̀. Ẹnì kan ti sọ fún un pé Balša yóò wá lọ́dún yìí. Ó dé ibi afárá, ó rí i pé irin wà lókè, ọ̀nà ṣí sílẹ̀. Ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà, èmi àti ẹ̀yin la jọ mọ̀ ọ́n. Ọkọ̀ rẹ̀ há sábẹ́ àpáta níbi tí ọ̀nà ti yí. Fóònù kì í gbé níbẹ̀. Ó fi ẹ́ńjìnnì sílẹ̀ kó lè rí ooru, òjò dídì dí ihò tí èéfín ń gbà jáde, èéfín náà sì padà wọ inú ọkọ̀ bá a. Ẹnikẹ́ni kò wá a kiri, nítorí kò sí ẹni tó mọ̀ pé ó wà lọ́nà. Nígbà tí wọ́n pe Obren pé ọ̀nà ti dí, ìsàlẹ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀ sí í ro ó, ó sì ń ro ó títí di ọ̀sán ọjọ́ kejì kó tó dé ibẹ̀. Òun ló rí òrùlé ọkọ̀ náà. Ó fi ọwọ́ hú u. Ìbòrí rẹ̀ ṣì wà lórí rẹ̀ dáadáa, ẹja tó fi ìwé ìròyìn wé sì wà lórí itan rẹ̀. Ó gbé ẹja wá fún mi, ó mọ̀ pé èmi kì í ra èyí tó dára.

Ọkùnrin tó wá láti ọ́fíìsì ọ̀nà jẹ́ ẹni jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. Ó bọ́ bàtà rẹ̀ kó tó wọlé. Balša jókòó nídìí tábìlì, ó ń jẹ ẹ̀wà tó ṣẹ́kù. Ọkùnrin náà ní, "Màmá, Obren sọ pé ẹ̀yin lẹ sọ fún òun pé kò ní ju ọgbọ̀n lọ. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni?" Mo wo ọmọ mi. Mo rí bí yóò ṣe wò mí tí mo bá ní bẹ́ẹ̀ ni. Mo rí gbogbo yín. Mo ní, "Ọgbọ̀n kẹ̀? Mo sọ fún un pé ó lé ní ọgọ́ta. Mo ní kó ti ọ̀nà." Ó jáde lẹ́nu mi bí ẹni pé mo ti ń kọ́ ọ sórí. Ọkùnrin náà kọ ọ́ sílẹ̀, ó dúpẹ́, ó mu kọfí rẹ̀ tán. Nígbà tó lọ, Balša gbé ṣíbí kalẹ̀. Ó ní, "Mama. Ẹ mọ̀ pé ó lé ní ọgọ́ta." Mo kó ife kọfí kúrò lórí tábìlì. Ó ní, "Ẹ mọ̀, ẹ sì ní kí èmi máa bọ̀. Ẹ ní ọ̀nà yóò ṣí. Ta ló sọ fún yín pé yóò ṣí?" Mo ní kó jẹun. Ó ní, "Kò lè jẹ́ méjèèjì, Mama. Tí ẹ bá sọ ọgọ́ta fún Obren, ẹ fẹ́ pa mí nìyẹn. Tí ẹ ò bá sì fẹ́ pa mí, ẹ̀yin lẹ ní kí irin wà lókè." Ó wà lára àwọn tó gbé pósí Petruša. Láti ibi sàréè ló ti wọ ọkọ̀ rẹ̀. Kò sọ̀rọ̀ mi fún ẹnikẹ́ni, mo mọ̀, nítorí ẹnikẹ́ni kò wá bi mí. Kò sì tún wọ ilé yìí mọ́. Àbẹ́là tí mo tìtorí rẹ̀ pa èèyàn, èmi náà ni mò ń tan án títí di òní.

Nílé ẹjọ́, Obren sọ ohun tó gbọ́. Mo sọ ohun tí mi ò sọ. Adájọ́ bi àwọn ará abúlé bóyá mo máa ń ṣi iye. Ẹ̀yin náà lẹ jẹ́rìí. Ẹ ní Vidosava kì í ṣi í. Ẹ sọ̀rọ̀ mi dáadáa débi pé mo tẹ orí ba, ẹ sì rò pé ìwà ìrẹ̀lẹ̀ ni. Obren dìde, ó ní, "Òpùrọ́ ni ẹ́, Vidosava." Kò pè mí ní Ìyá Balša. Ẹnì kan láti ẹ̀yìn ní kó jókòó, kó má kó ìtìjú bá ara rẹ̀ lórí òkú Petruša. Wọ́n gba kọ́kọ́rọ́ irin lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n sì jù ú sẹ́wọ̀n. Mo rò pé ohun tó burú jù tí mo ṣe nìyẹn. Kì í ṣe òun.

Lẹ́yìn tó jáde, ó wá sí ilé mi. Ó ti rù. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ti ṣí fìlà rẹ̀, ó gbé kajmak, ọ̀rá wàrà tí Zagorka ṣe, dání. Mo ní kó wọlé, òtútù ń mú. Ó ní, "Rárá, ibí tó fún mi, mi ò ní pẹ́. Mo wá bẹ̀ ọ́. Mo pè ọ́ ní òpùrọ́ lójú gbogbo ayé." Mo di férémù ilẹ̀kùn mú. Ó ní, "Mo rò ó níbi tí mo wà. Ìgbà wo lo ṣì mí lọ́nà rí? Kò sí. Mo fẹ́ sùn sílé lọ́jọ́ yẹn, ó rẹ̀ mí, orókùn ń dùn mí. Èèyàn lè tan ara rẹ̀ jẹ títí yóò fi gbàgbọ́. Orí mi ò pé mọ́, Ìyá Balša. Mo ṣì ń rántí bí o ṣe sọ ọgbọ̀n. Mo ń rántí ẹ̀rín wa. Ẹ wo irú nǹkan tí ọpọlọ lè hù." Ó ń sunkún, kò sì nu ojú. Ó ní, "Dárí jì mí." Ẹ̀yin èèyàn mi, gbogbo òtítọ́ wà lẹ́nu mi. Kò ju ọ̀rọ̀ kan lọ. Mo na ọwọ́ sí i, mo sì sọ pé, "Mo ti dárí jì ọ́, Obren." Ó fi ẹnu ko ọwọ́ mi. Mo gba kajmak náà. Mo jẹ ẹ́.

Ohun tó burú jù nìyẹn. Mi ò tún ní òmíràn tó jù ú.

Ó kú ní ìgbà ìrúwé tó tẹ̀ lé e. Ó sọ fún àlùfáà pé kí wọ́n má sin òun sáàárín àwọn èèyàn òun nítorí sàréè Petruša wà nítòsí, pé ojú yóò máa ti òun. Ẹ ti rí ibi tó wà, ní igun ọgbà lọ́hùn-ún, níbi tí òjò dídì ti ń yọ́ kẹ́yìn. Ohun tí mo ń bẹ̀ yín fún nìyẹn. Mi ò bẹ̀ yín pé kí ẹ dárí jì mí. Mo ti rí bí ìdáríjì ṣe rọrùn tó láti sọ lẹ́nu. Ẹ gbé Obren padà sáàárín àwọn tirẹ̀ nígbà tí ilẹ̀ bá rọ̀. Àti ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ fẹ́ máa bá ojú ewé yìí lọ: iye tó wà lójú ewé lè jẹ́ òtítọ́ ẹ̀rọ, kó sì jẹ́ irọ́ tìrẹ. Tí ìwọ fúnra rẹ kò bá lè fi ẹsẹ̀ rẹ gun òkè lórí iye kan, má sọ ọ́ fún ẹlòmíràn.

Kí n tó kọ èyí, mo lọ bá Zagorka. Ó ń ṣa ẹ̀wà lórí tábìlì. Mo dúró, mo sì sọ gbogbo rẹ̀ bí mo ṣe kọ ọ́ yìí. Mo rò pé yóò lù mí. Mo fẹ́ kó lù mí. Ó ń ṣa ẹ̀wà lọ, ó ń yọ èyí tó ti jẹrà sọ́tọ̀. Nígbà tó pẹ́, ó ní, "Ìgbà tó dé láti ẹ̀wọ̀n, tí a bá ti dùbúlẹ̀, á ní, Zago, ṣé o gbà mí gbọ́?" Mo ní kí lo sọ fún un. Kò wò mí. Ó ní, "Kí ni mo fẹ́ sọ? Gbogbo abúlé ló sọ pé o kì í ṣi iye. Mo ní, Obren, sùn. Ó bi mí, ó bi mí. Nígbà tí òjò dídì yọ́, kò bi mí mọ́. Ó ní kí n bá òun ṣe kajmak, òun fẹ́ lọ bẹ ẹnì kan."

Ó kó ẹ̀wà tó dára sínú ìkòkò. Ó ní, "Kò bá mi sọ̀rọ̀ ojú ọ̀nà mọ́ títí ó fi kú. Obren, sùn. Gbogbo ohun tí mo fún ọkọ mi nìyẹn."